Warsaw àti Kraków: Ẹ Má Pín Ọjọ́ Wọn Dọ́gba

Òru mẹ́ta ní Warsaw, òru mẹ́ta ní Kraków. Bí ilé iṣẹ́ tó bá wa ṣètò ìrìnàjò wa sí Pólándì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Wọ́n tún fi Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Jámánì ti pa èèyàn nígbà ogun àgbáyé kejì, àti ihò iyọ̀ Wieliczka sínú ọjọ́ kan ṣoṣo: bọ́ọ̀sì á gbé wa ní kùtù hàì, á dá wa padà lálẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìwé tí wọ́n kó jọ fún ẹ́ḿbásì pé pérépéré, wọ́n ń gbé fóònù tí a bá pè wọ́n, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá wa gbà sì sún mọ́ ibùdókọ̀ rélùwéè bí wọ́n ṣe wí. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pípín ọjọ́ ni iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó, òun sì lèmi kà sí pàtàkì jù nínú iṣẹ́ ẹni tó bá ń ṣètò ìrìnàjò fún èèyàn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa mú àlejò rìn káàkiri Àgbádárìgì. Mo máa ń mú wọn lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí àwọn ajíhìnrere kọ́ parí ní 1845, sí ojú igi Agia níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù Kristi nílẹ̀ wa ní 1842, sí àwọn yàrá tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ní àgbàlá Seriki Abass, sí ọjà Vlekete, ká tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gbèréfù, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa lọ sójú òkun. Àlejò tó bá ti Èkó wá láàárọ̀, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú lójú ọ̀nà, tó sì fẹ́ padà kílẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago. Ó ya fọ́tò, ó ti lọ. Ẹni tó sùn mọ́jú ló máa ń bi mí ní ìbéèrè tí mo ní láti ronú sí kí n tó dáhùn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo rí mẹ́ta sí mẹ́ta yẹn, mo mú bírò, mo fagi lé e. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin fún Kraków, mẹ́ta fún Warsaw, kí Kraków sì ṣáájú. Wọ́n gbà, wọ́n fi owó òru kan kún un, kò sí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. Ọmọ wọn ọkùnrin ń kàwé ní Warsaw, torí rẹ̀ la ṣe ronú kan Pólándì rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún máa ń ro wọ́n, ọmọ ìjọ Àgùdà paraku sì ni wọ́n. Nǹkan mẹ́ta yìí ló tọ́ wa sọ́nà ju ohunkóhun tí mo kà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ìlú kan máa gbà, ẹsẹ̀ àti ọkàn ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí Kraków fi ṣáájú. Kò sí bàálù tó ń gbéra l'Ékòó tó ń lọ tààrà sí Warsaw, ẹ máa pààrọ̀ bàálù lọ́nà, bàálù tó máa gbé yín padà á sì tún gbéra láti Warsaw. Tí ẹ bá fi Warsaw sẹ́yìn, ọjọ́ tí ẹ máa padà sílé kò ní kó ìpayà bá yín: rélùwéè kékeré ló ń ti àárín ìlú lọ sí pápákọ̀ òfurufú Chopin. Tó bá jẹ́ Kraków lẹ fi sẹ́yìn, ẹ ṣì máa rin nǹkan bíi 290 kìlómítà kí ẹ tó dé ìdí bàálù. Àǹfààní kejì wà nínú ìtàn. Kraków ni olú ìlú àtijọ́, kí ọba Sigismund Kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí kó ààfin lọ sí Warsaw ní 1596. Ogun àgbáyé kejì kò wó Kraków, ó fọ́ Warsaw túútúú. Ẹni tó bá ti rí ìlú tó dúró digbí ló máa mọ ohun tó ń wò nígbà tó bá dé èyí tí wọ́n tún kọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀ láàárín èrò, ó tún yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì Kékeré." Ọjọ́ yẹn kan náà la wọ rélùwéè lọ sí Kraków.

Ọ̀rọ̀ Kraków máa ń ṣi àwọn aṣètò lọ́nà, torí pé ìlú náà fúnra rẹ̀ kò gba ọjọ́ púpọ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń rin àárín ìlú àtijọ́ já. Rynek Główny, gbàgede ọjà tí wọ́n wọ̀n jáde ní 1257, fẹ̀ tó nǹkan bíi 200 mítà níbùú lóòró, ilé àwọn oníṣòwò aṣọ wà láàárín rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé orí òkè Wawel, níbi ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n sin àwọn ọba sí, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ fún ẹni tí kò kánjú. Ọjọ́ kan tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé ní Wawel, tíkẹ́ẹ̀tì apá kan yàtọ̀ sí ti apá kejì, nítorí náà ẹ mú èyí tí ọkàn yín fẹ́, ẹ má gbìyànjú láti wọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní Rynek kò gba owó. Ní wákàtí wákàtí, tọ̀sán tòru, afunfèrè kan máa ń yọjú lókè ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́, á fun orin kan náà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, á sì gé e lójijì kí orin tó parí. Wọ́n ní afunfèrè àtijọ́ kan rí àwọn ọmọ ogun Tátà tí wọ́n ń bọ̀, ó ń fi fèrè kìlọ̀ fún ìlú, ọfà bá gún un lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé ó ti parí ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí wọ́n máa ń gé e dé nìyẹn." Láti ìgbà náà, ibikíbi tí a bá wà ní àárín ìlú tí aago bá lù, wọ́n á dúró títí á fi gé e. Ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú. Pẹpẹ onígi tí Veit Stoss gbẹ́ láàárín 1477 sí 1489 wà níbẹ̀, ó ga dé òkè, ojú àwọn àpọ́sítélì tí ó gbẹ́ dà bí ojú àwọn àgbà tí èèyàn mọ̀.

Ọjọ́ kan la sọ pé ìlú gbà. Kí ló wá dé tí mo fi ní òru mẹ́rin? Torí pé ìta ìlú ni àwọn ọjọ́ tó kù ń lọ. Auschwitz kò sí nínú Kraków, ó wà ní Oświęcim, ó lé ní ọgọ́ta kìlómítà, bọ́ọ̀sì sì máa ń lo nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ní àlọ, bákan náà ní àbọ̀. Wieliczka wà nítòsí, ṣùgbọ́n àárọ̀ odindi ló ń gbà. Lórí ìwé, "Kraków" ni wọ́n kọ sí gbogbo rẹ̀, ẹni tó ṣètò sì ń ka òru bí ẹni pé ìlú ni èèyàn máa fi gbogbo rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Auschwitz, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi.

Láti 1940 tí àwọn Jámánì ti dá àgọ́ náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1945 tí àwọn ọmọ ogun Soviet dé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn ni wọ́n pa síbẹ̀. Júù ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Pólándì, àwọn ẹ̀yà Roma àti àwọn ọmọ ogun Soviet tí wọ́n kó lẹ́rú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1947 ni ibẹ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́, kí orúkọ yín sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Ẹni tó bá fẹ́ kí amọ̀nà mú òun rìn á san owó amọ̀nà, mo sì ní kí ẹ san án. Ó tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Àgọ́ méjì ni: ti àkọ́kọ́ tí wọ́n fi bíríkì kọ́, àti Birkenau tí bọ́ọ̀sì ń gbé èèyàn lọ, níbi tí ojú irin ti wọ inú ọgbà lọ lábẹ́ ẹnu ọ̀nà gogoro.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi sí wa létí, amọ̀nà wa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sínú rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè, kò ṣe bí òṣèré, kò béèrè bóyá inú wa bàjẹ́. Ó sọ ọdún, ó sọ iye, ó sọ orúkọ, ó dákẹ́ kí a wò ó. Nígbà tí a dé yàrá tí wọ́n kó irun àwọn obìnrin tí wọ́n fá sí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó yà á. Àpótí wà tí àwọn tó ni ín fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí, torí wọ́n gbà pé àwọn máa wá gbà á padà. Mo ń wo bí obìnrin yẹn ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ń rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé tí wọ́n máa ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ bọ àlejò lọ́wọ́ kó lè ya fọ́tò, tí wọ́n ń pariwo kó lè sunkún. Mi ò gbà á tẹ́lẹ̀, n kò tún ní gbà á mọ́ láéláé. Ìbànújẹ́ àwọn baba wa kò fẹ́ eré àṣehàn. Kí ènìyàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kó sì fún àlejò láyè láti mí, ó tó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń bọ̀. Wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn. Nígbà tí a dé, wọ́n ní àwọn ò jẹun, wọ́n lọ sùn. Ẹ wá wo ètò tí wọ́n kọ fún wa níṣàájú: bí a bá ṣe kúrò ní Birkenau báyìí, Wieliczka ló kàn, láti lọ máa wo ère tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjọ́ alápapọ̀ yìí pọ̀ ní Kraków, owó rẹ̀ sì dín sí ti kí èèyàn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má rà á. Kò bá ti àwọn òkú mu, kò sì bá ti alààyè tó ń wò wọ́n mu. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé Auschwitz, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìdí pàtàkì tí mo fi fi òru kẹrin kún Kraków nìyẹn.

Ọjọ́ òfìfo tiwa, Łagiewniki, àdúgbò kan ní Kraków, la fi lọ. Ẹni tó bá mọ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà nílẹ̀ wa á mọ àwòrán Jésù tí ìtànṣán funfun àti pupa ń jáde láyà rẹ̀, àti àdúrà àánú tí wọ́n máa ń gbà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Sister Faustina, tí gbogbo rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ní Łagiewniki ló kú sí ní 1938, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 33. Póòpù John Paul Kejì tó sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 2000, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kraków ni òun náà kó tó di póòpù ní 1978, òun sì ni póòpù tó wá kí wa ní Nàìjíríà ní 1982 àti 1998. Tráàmù ló gbé wa dé ibẹ̀. Agogo mẹ́ta lù, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí ìjókòó níbẹ̀, orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n sọ fún mi nígbà tí a jáde pé, "Ká ní ibí nìkan ni mo wá, mo ti dé Pólándì." Kò sí lára ètò ilé iṣẹ́ náà rárá. Ẹni tó bá ń ṣètò fún àwọn ará Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ibẹ̀, tàbí kó kéré tán, kó béèrè ìjọ tí oníbàárà rẹ̀ ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ a rìn díẹ̀ ní Kazimierz, àdúgbò tí àwọn Júù ń gbé kí ogun tó dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ zapiekanka ní Plac Nowy: búrẹ́dì gígùn tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n fi olú àti wàràkàṣì sí lórí, tí wọ́n yan. Ilé iṣẹ́ Schindler, ọkùnrin tó gba ọ̀pọ̀ Júù là nígbà ogun, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, wà ní òdìkejì odò ní Lipowa 4, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń tán, ẹ tètè gbà á.

Wieliczka, èmi nìkan ni mo lọ, ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò. Rélùwéè láti Kraków Główny ń gbé èèyàn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn onígi tó ń sọ èèyàn kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ lé ní 350, gbogbo àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ kí ìrìn tó parí sì tó 800. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má dán an wò. Ọ̀nà míì wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tutù níwọ̀nba, nǹkan bíi 17 dégírì, nítorí náà ẹ mú aṣọ òtútù kékeré dání kódà nígbà ooru. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì Kinga Mímọ́, 101 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, mo dúró sójú kan. Ilẹ̀ rẹ̀ iyọ̀, ògiri iyọ̀, ère iyọ̀, iyọ̀ náà ni wọ́n fi ṣe àwọn fìtílà tó so rọ̀ lókè. Àwọn awakùsà ló gbẹ́ ẹ, wọn kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà tí ọba bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ìrìn náà gba bíi wákàtí mẹ́ta, lífìtì ló gbé wa jáde, mo sì bá rélùwéè ọ̀sán lọ sí Warsaw láìsáré.

Nípa rélùwéè yẹn, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Èyí tó yára jù láàárín ìlú méjèèjì máa ń lo wákàtí méjì àti ààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀, láti àárín ìlú dé àárín ìlú. Ìjókòó yín ti wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá tètè rà á san owó tó kéré. Èyí tó lọ́ra díẹ̀ náà dára, ó sì rọjú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta odindi ọjọ́ fún yín torí ìrìn yìí.

Ó ku Warsaw. Gbogbo èèyàn tí a bá sọ̀rọ̀ kí a tó lọ ló ń sọ pé ọjọ́ kan ti tó o, pé kò sí nǹkan àtijọ́ níbẹ̀. Mo ta ko ìyẹn pátápátá. Lóòótọ́, nígbà tí ogun parí, ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà ti wó. Àwọn Jámánì ló dìídì ń sun ún ní òpópónà dé òpópónà lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú dìde sí wọn. Àwọn tó padà wá kọ́ ìlú àtijọ́ sí bó ṣe wà, wọ́n ń wo àwòrán tí Bernardo Bellotto yà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti mọ ibi tí fèrèsé wà. UNESCO fi sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1980. Ààfin ọba pẹ́ kó tó dìde, láti 1971 sí 1984 ni wọ́n kọ́ ọ. Kí ìlú kan gbà pé ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ kò ní rẹ́, ó wú mi lórí ju òkúta tí kò tíì wó rí lọ. Bí ẹ bá ń rìn níbẹ̀, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń wò, ọjọ́ kan kò tó.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ìdìde Warsaw ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1944 ni ìdìde náà bẹ̀rẹ̀, ó gba ọjọ́ 63. Ó kún fún ìró, fọ́tò àti ìwé, èèyàn lè lo ìdajì ọjọ́ níbẹ̀ láìmọ̀. Ohun tó sì yẹ kó gbé gbogbo ọmọ Yorùbá lọ sí Warsaw nìyí: ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó wà nínú àwọn tó jà. August Agboola Browne, tí wọ́n bí ní 1895, dé Pólándì ní àwọn ọdún 1920, ó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin jáàsì ní àwọn ilé ijó Warsaw, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ síbẹ̀. Nígbà tí ogun dé, kò sá. Orúkọ abẹ́lẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nínú ìjà náà ni Ali. Fọ́ọ̀mù kan tó kọ ní 1949 láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ja ogun ló jẹ́ kí a mọ gbogbo èyí. Ó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1976, ìlú kò sì rántí rẹ̀ títí di 2019, nígbà tí wọ́n gbé òkúta ìrántí kékeré kan kalẹ̀ fún un ní àárín ìlú, lẹ́yìn àwọn ilé ìtajà ńlá tó wà ní òpópónà Marszałkowska.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú wa débẹ̀. Ó máa ń kọjá níbẹ̀ tó bá ń lọ sílé ìwé, ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí "Agboola" lára òkúta, òun padà sẹ́yìn láti tún un kà. Èrò ń kọjá, wọ́n gbé àpò ìnájà dání. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ nu ojú òkúta náà, wọ́n ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́." Kò sí ètò ìrìnàjò kankan tí mo rí tó dárúkọ ibẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn ará wa, ẹ fi sí i. Kò gbowó, kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

POLIN, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn Júù ní Pólándì, gba ìdajì ọjọ́ tirẹ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti Ìdìde ní ọjọ́ kan. Ẹgbẹ̀rún ọdún ìtàn ló wà níbẹ̀. Ó ṣe ẹni tó ti Auschwitz bọ̀ lóore láti rí bí àwọn èèyàn yẹn ṣe gbé ayé, bí wọ́n ṣe ṣòwò, bí wọ́n ṣe ṣègbéyàwó, bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ wọn níwèé, yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe pa wọ́n. Ààfin Àṣà tí àwọn Soviet kọ́ fún wọn, tó ga ní mítà 237, ẹ gun un dé àjà ọgbọ̀n kí ẹ wo ìlú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó tó.

Ti oúnjẹ, ẹ wá àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní bar mleczny ní ìlú méjèèjì. Ẹ ó tò, ẹ ó sanwó, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbé àwo padà, owó wọn sì rọjú gan-an. Ẹ mu żurek, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ráì tó ti kan ṣe, tí wọ́n fi ẹyin àti sọ́séèjì sí. Kíkan rẹ̀ dà bí omidùn ògì, ẹ̀gbọ́n mi mu ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

Bí ọjọ́ yín kò bá tó tiwa ńkọ́? Ẹni tó ní òru márùn-ún, mo ní kó lo mẹ́ta ní Kraków, méjì ní Warsaw, kó sì fi Wieliczka sílẹ̀ kó tó fi ọjọ́ òfìfo sílẹ̀. Ẹni tó ní òru mẹ́ta péré, kó mú ìlú kan. Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́ Àgùdà tàbí ẹni tó fẹ́ lọ sí Auschwitz, Kraków ni. Bó bá jẹ́ pé ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀ wà ní Warsaw, kó dúró tì wọ́n, ìlú náà kò ní já a kulẹ̀.

Ẹ ṣe ìpinnu yìí kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ́ḿbásì, torí pé wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹ máa sùn jálẹ̀ àkókò tí ẹ máa lò, kò sì dáa kí ẹ gba físà tán kí ẹ wá máa tú hòtẹ́ẹ̀lì ká. Ẹ sì wo kàlẹ́ńdà dáadáa, èyí tí ilé iṣẹ́ wa kò wò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ìdìde àti POLIN kì í ṣí ní Túsìdeè. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Pólándì kì í ṣí ní Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń fi dùùrù kọ orin Chopin, gbajúmọ̀ olórin ọmọ Pólándì, lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà Łazienki ní Warsaw, àwọn èèyàn á jókòó sórí koríko ní ẹ̀bá ère rẹ̀. Ọkàn Chopin fúnra rẹ̀ wà nínú òpó ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́ ní ìlú kan náà, ẹ lè gba Máàsì níbẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá dé Kraków ní Mọ́ńdè, tí ẹ kúrò ní Fúráìdè, Túsìdeè bọ́ sí Kraków nìyẹn, Sọ́ńdè bọ́ sí Warsaw. Sátidé á wà fún Ìdìde àti Agboola Browne, àárọ̀ Mọ́ńdè á wà fún POLIN bí bàálù yín bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́.